Thomas Henry Huxley, Ẹni tó Fi Egungun Tọpa Ìran Ẹyẹ

Ẹni tó bá ti tu adìyẹ rí mọ̀ pé ibì kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ìyẹ́ pin sí. Láti ibẹ̀ lọ dé orí èékánná, ìpẹ́ ló kù, ìpẹ́ líle tó tò léra bí èyí tó wà lára alángbá. Omi gbígbóná ni àwọn obìnrin ilé ń dà sí i kí ó lè bó, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ohun tó gbé ẹyẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ alángbá. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bèèrè. Kò dúró lórí ìpẹ́ nìkan. Ó wọ inú ẹran lọ, ó dé orí egungun ìbàdí àti ti itan, ó sì sọ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà ayé rẹ̀ pé àwọn ẹ̀dá ìran afàyàfà ayé àtijọ́ tí à ń pè ní dáínósọ̀ ni ìbátan tó sún mọ́ ẹyẹ jùlọ. Thomas Henry Huxley ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1895 ló kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a wọ ilẹ̀.

Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1825 ni wọ́n bí i ní Ealing, abúlé kan létí Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, kí ìlú ńlá náà tó gbé e mì. Òun ni ìkeje nínú ọmọ mẹ́jọ. Bàbá rẹ̀, George Huxley, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́, owó tán, ẹbí sì kó lọ sí Coventry. Ọdún méjì péré ni Thomas fi jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó kúrò níbẹ̀. Ohun tó tún mọ̀ lẹ́yìn èyí, òun fúnra rẹ̀ ló wá a rí. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìlá, a máa tan àbẹ́là kí ilẹ̀ tó mọ́, a da kúbùsù bo èjìká nítorí òtútù, a sì jókòó lórí ibùsùn ka ìwé tó dá lórí òkúta àti ilẹ̀. Ó kọ́ èdè Jámánì láìní olùkọ́. Ẹni tó bá rí i nígbà náà lè pè é ní eré ọmọdé, àmọ́ èdè yìí wúlò fún un gidigidi nígbà tó dàgbà, nítorí láti inú ilẹ̀ Jámánì ni àwọn òkúta tó ṣe kókó jùlọ nínú ìtàn yìí ti jáde.

Méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ oníṣègùn, ìdí iṣẹ́ ìṣègùn ni wọ́n sì fi òun náà sí. Lẹ́yìn Coventry, ó lọ sin ọ̀gá kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù létí èbúté. Ibẹ̀ ló ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìṣẹ́: àwọn aláìsàn tí oògùn wọn kì í ṣe ohun mìíràn ju oúnjẹ lọ, tí dókítà kò sì ní oúnjẹ láti kọ sínú ìwé fún wọn. Ní ọdún 1842, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ James gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wọ ilé-ìwòsàn Charing Cross. Nígbà tó fi máa di ọdún 1845, ó ti rí ìpele kan ní ìdí irun ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí rí. Orúkọ Huxley ni ìwé àwọn dókítà ṣì fi ń pe ìpele náà di òní olónìí.

Ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé kò san gbèsè. Ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, wọ́n sì fi í ṣe igbákejì dókítà nínú ọkọ̀ Rattlesnake, tó gbéra ní oṣù kejìlá ọdún 1846 láti lọ wọn ojú omi àríwá Ọsirélíà àti ti New Guinea. Ìtọ́jú àwọn atukọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, a ju àwọ̀n sómi, a kó àwọn ẹ̀dá rírọ̀ inú òkun tí kò ní egungun kankan lára, a sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú awò tí í sọ kékeré di ńlá kí wọ́n tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti èbúté dé èbúté ni ó ń kọ ohun tó rí ránṣẹ́ sílé. Oṣù ń gorí oṣù, kò gbọ́ bóyá ẹnikẹ́ni kà á.

Ní Sydney, ní ọdún 1847, ó pàdé Henrietta Heathorn, wọ́n sì ṣe àdéhùn ìgbéyàwó. Ọkọ̀ padà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850. Henrietta kù sí òkèèrè. Ẹni tó bá ti fi àfẹ́sọ́nà sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ajé ní ìlú onílùú yóò mọ bí ọdún márùn-ún tó tẹ̀lé e ti rí. Lẹ́tà a lo oṣù mélòó kan lójú omi kí ó tó dé, ìdáhùn a tún lo bẹ́ẹ̀ kí ó tó padà, ohun tí ọ̀kan ń sunkún lé lórí lè ti di ẹ̀rín kí èkejì tó gbọ́.

Ó bá a ní Lọ́ńdọ̀nù pé wọ́n ti tẹ díẹ̀ nínú ohun tó fi ránṣẹ́ jáde, orúkọ rẹ̀ sì ti ń tàn láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1851, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lọ́lá jùlọ ní ilẹ̀ náà, gbà á wọlé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní ọdún 1852 wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó wálé. Ó wá iṣẹ́ olùkọ́ sí Toronto, ó wá a sí Aberdeen, ó wá a sí Cork àti sí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ológun ní kí ó padà sójú omi, ó kọ̀, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní ọdún 1854. Nínú ọdún yẹn kan náà ni ọ̀nà là: wọ́n gbà á sí Ilé-ẹ̀kọ́ Ìwakùsà ti Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa kọ́ni nípa àwọn ẹ̀dá alààyè. Henrietta dé ní ọdún 1855, àìsàn sì ti mú un débi pé dókítà kan sọ pé bóyá ni yóò fi lo oṣù mẹ́fà sí i. Huxley gbé e níyàwó bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà bí ọmọ mẹ́jọ fún un, ó sì gbé ayé dé ọdún 1914.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọwọ́ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti irú wọn. Kò bù mọ́ ẹ̀kọ́ náà nítorí wọn. Ohun tó ń sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń sọ fún wọn, ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere sọ ọ́ ni, wọ́n sì ń rọ́ wá. Ìrírí ìgbà èwe rẹ̀ létí èbúté kò kúrò lára rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1859 ni ìwé Charles Darwin lórí orísun àwọn ẹ̀yà ẹ̀dá jáde. Ohun tí Darwin sọ ni pé gbogbo ẹ̀dá alààyè ti ara àwọn ẹ̀dá tó ṣáájú wọn jáde, pé ìyàtọ̀ kéékèèké ń kó jọ láti ìran dé ìran, èyí tó bá ran ẹ̀dá lọ́wọ́ láti là á já a dúró, èyí tí kò bá ràn án lọ́wọ́ a parun. Huxley kò gba gbogbo rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ibì kan wà tó ń bá Darwin jiyàn lé títí. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ìwé náà yẹ ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀, Darwin sì jẹ́ aláìlera tí kì í fẹ́ ariwo. Ní Oxford, ní oṣù kẹfà ọdún 1860, òun àti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Wilberforce fojú kojú níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìròyìn ọjọ́ náà ní pé bíṣọ́ọ̀bù fi ṣẹ̀fẹ̀ bi í bóyá láti ìhà bàbá-ńlá ni tàbí ti ìyá-ńlá ni ó ti bá ọ̀bọ tan, Huxley sì dá a lóhùn pé ojú kò ní ti òun láti ní ọ̀bọ ní bàbá-ńlá bí yóò ti tì òun láti bá ẹni tan tó ń lo ọgbọ́n ńlá fi bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá ni àwọn ènìyàn wá ń kà á sí ajá tó ń ṣọ́ ilé Darwin, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá.

Oṣù mẹ́ta kò tí ì pé lẹ́yìn ìjà Oxford tí ibà tí í mú ara ọmọdé pọ́n fi mú Noel, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ọmọ náà kú. Àlùfáà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Charles Kingsley, kọ̀wé tù ú nínú, ó sì rán an létí ìrètí pé yóò tún rí ọmọ rẹ̀. Lẹ́tà gígùn ni Huxley fi dá a lóhùn. Ó dúpẹ́, kò bínú, ṣùgbọ́n ó sọ pé òun kò lè gba ohunkóhun gbọ́ kìkì nítorí pé ó wu òun kí ó rí bẹ́ẹ̀. Òun kò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, òun kò kàn ní ẹ̀rí ni. Ó le kí bàbá tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere kò lè bá a rìn dé ibẹ̀, kò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ọwọ́ tó fi mú ọ̀rọ̀ ẹyẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọwọ́ tó fi mú ikú Noel: ohun tó fẹ́ kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ bí kò bá sí ẹ̀rí.

Ẹ̀rí yìí gan-an ni àwọn alátakò Darwin ń bèèrè. Bí ẹ̀dá bá ń ti ara ẹ̀dá jáde lóòótọ́, wọ́n ní, níbo ni àwọn ti àárín wà? Ẹyẹ ní ìyẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná, ojú ọ̀run ni ọ̀nà rẹ̀. Alángbá àti ọ̀nì ń fàyà wọ́ nílẹ̀, ara wọn tutù. Kí ni afárá tó so bèbè méjì yìí pọ̀?

Ní Solnhofen ní Bavaria, ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì, òkúta pẹlẹbẹ kan wà tó dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn atẹ̀wé fi ń lò ó láti tẹ àwòrán. Àwọn tó ń wa òkúta náà a máa là á bí ẹni ń ṣí ìwé, nígbà mìíràn wọn a sì bá ẹja tàbí edé ayé àtijọ́ tó ti di òkúta láàárín ojú ewé méjì. Ní ọdún 1861, ìròyìn jáde pé ìyẹ́ kan ṣoṣo wà nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà pé wọ́n ti rí ara ẹ̀dá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, tó jẹ́ pé orí nìkan ni kò hàn dáadáa. Ọwọ́ Carl Häberlein ni ó bọ́ sí, dókítà kan ní Pappenheim tí í gba òkúta lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ dípò owó ìtọ́jú. Ní ọdún 1862, British Museum ra òun àti àwọn òkúta yòókù tí dókítà náà kó jọ ní 700 pọ́n-ùn. Archaeopteryx ni wọ́n sọ ọ́. Ìyẹ́ tò sí apá rẹ̀ bíi ti ẹyẹ, ṣùgbọ́n ìka apá rẹ̀ ní èékánná, ìrù rẹ̀ sì gùn, egungun tò sínú rẹ̀ láti ìdí dé ṣónṣó gẹ́gẹ́ bí ìrù alángbá.

Andreas Wagner, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Munich, sáré kìlọ̀ kí àwọn ọmọlẹ́yìn Darwin má ṣe gbé e jó. Afàyàfà ni, ó ní, ohun tó dà bí ìyẹ́ lára rẹ̀ kì í ṣe ìyẹ́ tòótọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Richard Owen, alábòójútó ohun àdánidá ní British Museum, yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 1863, ó sì ní ẹyẹ gidi ni, kò sí ẹjọ́ afàyàfà níbẹ̀. Owen kì í ṣe ẹni kékeré. Òun ló dá orúkọ dáínósọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1842. Òun àti Huxley ti ń fa ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn ní gbangba lórí ọpọlọ ọ̀bọ àti ti ènìyàn, kò sì sí ìfẹ́ láàárín wọn.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé fún ọdún mélòó kan Huxley fúnra rẹ̀ kò fi Archaeopteryx jagun. Ó ń dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni ó lọ kí John Phillips, alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oxford. Egungun Megalosaurus wà níbẹ̀, dáínósọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fún lórúkọ nínú ìwé ní ọdún 1824, ẹran ńlá apẹran-jẹ. Bí àwọn méjèèjì ti ń wo egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, Huxley dúró lórí ọ̀kan tí wọ́n ti ń pè ní egungun èjìká láti ọdún yìí wá. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Egungun èjìká kọ́. Egungun ìbàdí ni, ó sì gùn síwájú àti sẹ́yìn bí ìbàdí ẹyẹ, kò rí bíi ti ọ̀nì rárá.

Nígbà tí egungun kan ti ṣí ipò padà, gbogbo ìyókù ní láti ṣí. Wọ́n tún ẹran náà tò. Apá tí wọ́n rò pé ó lágbára wá kéré; ìdí àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá di ńlá. Ẹ̀dá tí àwọn ènìyàn ti ń yà bí ọ̀nì gàgàrà tàbí erin oníìpẹ́, tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀, wá dìde lórí ẹsẹ̀ méjì. Huxley padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó tú àwọn pákó egungun dáínósọ̀ ibẹ̀ wò, ibi tó bá sì yọjú sí, ìbàdí ẹyẹ ló ń bá, kókósẹ̀ ẹyẹ ló ń bá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1868 ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Ọ̀nà tó gbà gbé e kalẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ béèrè irú ẹyẹ tó sún mọ́ afàyàfà jùlọ, ó sì tọ́ka sí Archaeopteryx. Lẹ́yìn náà irú afàyàfà tó sún mọ́ ẹyẹ jùlọ, ó sì tọ́ka sí àwọn dáínósọ̀. Èyí tó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú wọn kì í ṣe ẹran gàgàrà. Compsognathus ni, tí kò tóbi ju adìyẹ lọ púpọ̀, tó ní ọrùn gígùn, orí kékeré àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n wà á jáde nínú irú òkúta atẹ̀wé Bavaria kan náà tí Archaeopteryx ti jáde, Wagner tó ń ṣọ́ra fún Darwin ló sì fún un lórúkọ. Huxley kò sọ pé òun ni bàbá ẹyẹ. Ó ṣọ́ra gidigidi níbẹ̀. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé ìyẹ́ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyẹ́ bá wà lára rẹ̀ ni, yóò ṣòro láti mọ̀ bóyá kí wọ́n pè é ní ẹyẹ tó jọ afàyàfà ni tàbí afàyàfà tó jọ ẹyẹ.

Ní ọdún kan náà ó tún òkúta Archaeopteryx yẹ̀ wò, ó sì fi hàn pé Owen ti gbé e yí: ohun tí ọ̀gá náà pè ní ọ̀tún, òsì ni. Ẹni tó bá mọ bí Owen ti gbéra ga tó lè ro bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún tó. Bóyá inú Huxley pàápàá dùn sí i ju bó ti yẹ lọ.

Ní ọdún 1870 ni ó gbé ẹ̀rí tó rọrùn jùlọ wá, èyí tí olórí adìyẹ kankan lè yẹ̀ wò. Nínú ẹyin tí kò tí ì pa, egungun ẹsẹ̀ ọmọ adìyẹ kò tí ì lẹ̀ pọ̀. Àwọn egungun kókósẹ̀ ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí yóò di ọ̀pá kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀ àgbà adìyẹ ṣì jẹ́ mẹ́ta tó tò síra. Bí ẹnikẹ́ni bá lè sọ ìdí àti ẹsẹ̀ irú ọmọ adìyẹ bẹ́ẹ̀ di ńlá, kí ó sì sọ ọ́ di òkúta bó ti wà, Huxley ní kò sí ohun tí yóò dí àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ láti kà á mọ́ dáínósọ̀. Òun nìkan kọ́ ló ń ronú lọ síbẹ̀. Carl Gegenbaur ní Jámánì àti Edward Cope ní Amẹ́ríkà ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Huxley ló kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan tó sì jókòó tì í.

Àtakò wá, kò sì jẹ́ ti òmùgọ̀. Harry Seeley, tó mọ egungun ẹranko ayé àtijọ́ dáadáa, sọ pé ẹsẹ̀ lè jọra nítorí pé ìrìn jọra: ẹ̀dá méjì tó bá ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn lè ní ìbàdí tó jọra láìjẹ́ pé wọ́n bára tan. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Huxley kò ní ohun tó fi lè pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá nígbà náà, àfi kí ó máa ka iye àmì tó jọra, kí ó sì béèrè bóyá gbogbo wọn lè ṣe kòńgẹ́.

Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyí tó fún ènìyàn márùn-ún. Ó wọ ìgbìmọ̀ tó ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1870. Ọdún 1869 ló dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, agnostic, fún ẹni tó gbà pé òun kò lè sọ pé Ọlọ́run wà tàbí pé kò sí. Ara rẹ̀ kọ̀, ó sì ní láti lọ sinmi ní Íjíbítì ní ọdún 1872. Ní ọdún 1873, Darwin àti àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn dá 2,100 pọ́n-ùn jọ, wọ́n fún un láti fi tọ́jú ara rẹ̀.

Ní ọdún 1876 ó ré òkun kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní Yale, Othniel Marsh ṣí àpótí lẹ́yìn àpótí hàn án. Àwọn ẹyẹ ayé àtijọ́ tí Marsh wú jáde ní Kansas, Hesperornis àti Ichthyornis, ní eyín lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹyẹ alààyè kankan tó ní eyín. Àwọn bíi ọlọ́nà yìí tún sún bèbè méjèèjì mọ́ra sí i, Huxley sì fi wọ́n kún ohun tó sọ fún àwọn ará New York ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ìrìn àjò yẹn tún gbé e dé Tennessee, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Eliza ń gbé. Ọgbọ̀n ọdún ti rékọjá tí wọn kò ti fojú kan ara wọn.

Archaeopteryx kejì tó pé jáde ní Bavaria láàárín ọdún wọ̀nyí, wọ́n sì gbé e lọ sí Berlin ní ọdún 1881. Èyí ní orí. Eyín wà lẹ́nu rẹ̀.

Huxley di ààrẹ Royal Society láti ọdún 1883 sí 1885, lẹ́yìn náà ó fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin Marian, ayàwòrán, kú ní ọdún 1887, ìbànújẹ́ sì tún dé bá ilé náà. Ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1895 ni òun náà kú ní Eastbourne, ní ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n gbé e wá sí Finchley ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì sin ín sínú ilẹ̀ tó ti rà nígbà tí Noel kú.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀rọ̀ dáínósọ̀ àti ẹyẹ tutù. Ní ọdún 1926, ìwé Gerhard Heilmann, ará Denmark, jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹyẹ. Ó gbà pé dáínósọ̀ jọ ẹyẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n egungun kan ló dá a dúró. Ní ọrùn adìyẹ, egungun oníga méjì kan wà tó dà bí igi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe kànnàkànnà. Heilmann kò rí irú rẹ̀ lára dáínósọ̀ kankan. Ó ní ohun tó bá ti sọnù lára bàbá-ńlá kò lè tún hù lára ọmọ, nítorí náà ìran mìíràn tó ṣáájú dáínósọ̀ ni ẹyẹ ti wá. Ó tó ogójì ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi gba ìdájọ́ yìí láìjanpata. Àwọn tó wá wà ilẹ̀ lẹ́yìn náà rí egungun náà, ó wà lára ọ̀pọ̀ dáínósọ̀ apẹran-jẹ; ó kéré, ó sì máa ń ṣòro láti dá mọ̀ ni.

Yale kan náà tí Huxley ti wo ẹyẹ eléyín ni ìdájọ́ náà ti yí. Ní ọdún 1964, John Ostrom rí dáínósọ̀ kan ní Montana tó pè ní Deinonychus, ẹran asáré tó ní èékánná bíi dòjé lẹ́sẹ̀. Nígbà tó fi ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ wé ti Archaeopteryx, egungun tó tẹ̀ bí oṣù lé kan náà ló bá nínú àwọn méjèèjì, irú èyí tí ẹyẹ fi ń ká ìyẹ́ apá rẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló wá jọra mọ́, apá pẹ̀lú ti dá sí i, ìbéèrè Seeley sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ìdáhùn. Láti àwọn ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ Huxley ti tún gba ojú ìwé.

Ní ọdún 1996, ní agbègbè Liaoning ní ìlà-oòrùn àríwá Ṣáínà, òkúta pẹlẹbẹ kan là. Dáínósọ̀ kékeré onírù gígùn ló wà nínú rẹ̀, ohun tó dà bí ọ̀dọ́ ìyẹ́ sì tò láti orí rẹ̀ gba ẹ̀yìn lọ dé ìrù. Sinosauropteryx ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ egungun rẹ̀ wò láti mọ ìdílé tó ti wá, wọ́n rí i pé ìdílé Compsognathus ni.